Cashback, póíǹtì àti àgbá oríire orí fóònù: èwo ni ká gbà, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Aránṣọ_Takie

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Lóde òní, kò sí áàpù tí èèyàn máa ṣí tí kò ní sọ pé òun fẹ́ fún un ní nǹkan. O ra káàdì ìpè, wọ́n dá náírà díẹ̀ padà. O fowó ránṣẹ́, wọ́n ní póíǹtì ti wọlé. O kàn jí láàárọ̀ tí o ṣí i wò, wọ́n kí ọ kú àárọ̀, wọ́n fún ọ ní owó wúrà tí kò sí onígààrí kan tó máa gbà á ní gbogbo Takie. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ti ń yí àgbá oríire, èyí tí wọ́n ń yí lójú fóònù bóyá wọ́n á jẹ ẹ̀bùn, látàárọ̀, káfútáànì oníbàárà wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì rán bọ́tìnì mọ́ ọn.

Mi ò bínú o, èmi gan-an fẹ́ràn ọ̀fẹ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí tó lówó nínú lóòótọ́ àti èyí tó kàn ń jẹ dátà. Kí tilẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí rí lára wa tí wọ́n fi ń bẹ̀ wá pé ká wá gbowó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi dá ọ̀rọ̀ "mú 10,000 wá gba 20,000" sílẹ̀ níbí. Ìyẹn kọ́ ni mo ń bèèrè.

Oní_POS_Sábó

Àǹtí aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣírò. Ká ní áàpù kan ń dá náírà 2 padà lórí náírà 100 káàdì. Ẹni tó ń lo káàdì àti dátà ₦5,000 lóṣù máa rí ₦100 lóṣù, ìyẹn ₦1,200 lọ́dún. Kò burú, ṣùgbọ́n kò lè kọ́lé. Ẹ wá rántí owó ìjọba tí wọ́n ń yọ lórí owó tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ láti ₦10,000 sókè. Ilé ìfowópamọ́ nìkan ló ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2024 ló kan àwọn áàpù ìfowóránṣẹ́ náà: ₦50, ẹni tó gbowó ló ń san án nígbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lóṣù, ó ti jẹ cashback oṣù yẹn tán. Mo sọ èyí kí ẹ má baà máa pe ara yín ní ọlọ́rọ̀ nítorí náírà 2.

Àmọ́ gba tiyín. Káàdì tí ẹ máa rà náà ni, dátà tí ẹ máa rà náà ni. Bí ẹnì kan bá ń dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀, ẹ gbà á kíá. Ibi tó ti ń di wàhálà ni ìgbà tí ẹ bá ra dátà ọ̀sẹ̀ méjì nítorí cashback, tí dátà ti oṣù tó kọjá ṣì wà lórí fóònù.

Ẹ bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń fún wa. Ẹ̀yin tó wà ní Ìbàdàn lọ́dún 2019 á rántí ọ̀kadà ORide ti OPay, àwọn tó ń wọ akoto aláwọ̀ ewé. Owó tí wọ́n ń gbà kéré débi pé àwọn ọlọ́kadà lásán ń bú wọn. Gbogbo ayé gbé áàpù náà sórí fóònù kí wọ́n lè fi gun ọ̀kadà. Lọ́dún 2020, Èkó lé ọ̀kadà kúrò lójú pópó, OPay náà sì gbé ORide tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kadà lọ, áàpù kù. Lónìí, mélòó nínú wa ni kì í fi í fowó ránṣẹ́? Ẹ̀dínwó ìgbà yẹn ló mú áàpù wọlé, àṣà tó ti mọ́ wa lára ni kò jẹ́ kó jáde mọ́.

PalmPay tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2019 ló wọ Nàìjíríà, Transsion tó ń ṣe Tecno, Infinix àti itel sì wà lára àwọn tó fowó sí i. Torí náà, áàpù ti wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù kí ẹ tó gbé e kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Ọgbọ́n òwò ni, mi ò bá wọn jà. Èmi náà ń fi wọ́n jẹun.

Ọmọ_LAUTECH

Mo dọ̀bálẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa, àwa oníka.

Ẹni tó bá gbé ní Under G, àdúgbò àwa akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, lọ́dún 2024 mọ̀ pé ìka ni gbogbo èèyàn fi ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíì ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe àkọsílẹ̀ ní kíláàsì, ó ń fi tòsì tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì. Notcoin, eré orí Telegram tí èèyàn ń tẹ fóònù fi kó owó ayélujára jọ, ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín in ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn kan rí owó gidi. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló tún máa gbọ́ "ẹ sinmi"? Gbogbo ilé akẹ́kọ̀ọ́ ya lọ sí Hamster Kombat. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n pín ti ìyẹn, igbe "ṣé èyí náà nìyí?" ló sì gba gbogbo orí Telegram, kì í ṣe Nàìjíríà nìkan, káríayé ni.

Ti Pi, owó ayélujára mìíràn, tilẹ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2019 ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2025 ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ kí èèyàn lè tà á síta. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí Pi bẹ̀rẹ̀ ti ń kọ ABD nígbà yẹn, ó ti lè ka owó.

Ìmọ̀ràn mi: bí nǹkan kò bá gba owó lọ́wọ́ yín, tí kò gba BVN, tí kò sì dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́, ẹ lè fi ṣeré. Ẹ kàn má fi ṣe ètò ìgbéyàwó. Mo mọ ẹnì kan tó ti yan àwọ̀ aṣọ ẹbí sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Ọmọ_LAUTECH, àwọ̀ wo ló yàn?

Ọmọ_LAUTECH

Àwọ̀ wúrà, mà.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Mo ń ka gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọ òde òní rò pé fóònù ló dá ẹ̀bùn sílẹ̀. Kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín la ti ń yẹ abẹ́ ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò wò bóyá wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Òde ìgbéyàwó bá tán, àwọn ọmọ á máa ṣa ìdérí nílẹ̀ bí ẹni ń ṣa káṣú. Ìgò mìíràn ni ẹ̀bùn tó wọ́pọ̀ jù: o mu ọ̀kan, o jẹ ọ̀kan, o tún mu ún. 

Èènì sì ti wà kí ìdérí tó dé. Ẹlẹ́wà á bu ẹ̀wà fún ọ tán, á tún fi díẹ̀ lé e. Ó mọ̀ pé o máa padà wá lọ́la. Kò sí ẹni tó ń bú u. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wà kì í kọ nọ́ńbà ìyá rẹ sílẹ̀. Kì í tẹ̀ lé ọ délé lọ wo irú ọṣẹ tí o fi ń wẹ̀. Kì í sì í lọ sọ fún oníyán tó wà ní òdìkejì títì pé ebi máa ń pa ọ́ ní aago mẹ́rin, kó wá dúró dè ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún ìṣirò yín nìyí. Lọ́dún 2001 tí fóònù GSM dé, nǹkan bíi ₦50 ni ìṣẹ́jú kan. Bí o bá sọ pé "mo ti dé o" tí o sì pa á, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n máa yọ. A bẹ̀bẹ̀ títí pé kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú-àáyá ṣírò, wọ́n ní kò tíì yá. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Glo wọ ọjà, ìṣẹ́jú-àáyá ló fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò tíì yá wá yá kíákíá fún àwọn tó kù. Owó tí mo rí fi pamọ́ nídìí ìyẹn, kò sí cashback kan tó bá a dọ́gba láti ìgbà náà títí di òní. Kò sí póíǹtì níbẹ̀, kò sí àgbá tí à ń yí. Ẹlòmíì ló wọ ọjà. Nítorí náà, nígbà tí mo bá rí ilé-iṣẹ́ tó ń fún mi lẹ́bùn, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni bóyá ó ní ẹni tó ń bá a du oníbàárà. Bí kò bá sí, ẹ̀bùn yẹn kò ní pẹ́ gbẹ.

Oní_POS_Sábó

Bàbá, ẹ ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n ṣàfikún pé nígbà tí NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2025 kí owó ìpè àti dátà gòkè tó ìdá 50 nínú 100, kò sí póíǹtì kankan tó bá a gòkè.

Ọmọ_Ajílété_ní_Kánádà

Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ti ọ̀hún. Microsoft ní ètò kan tó ń fún èèyàn ní póíǹtì tó bá ti ń fi Bing, ẹ̀rọ ìwákiri rẹ̀, wá nǹkan. Lọ́dún 2010 tó bẹ̀rẹ̀, Bing Rewards ni wọ́n ń pè é, lọ́dún 2016 wọ́n sọ ọ́ di Microsoft Rewards. Bí o bá ṣe ń wá nǹkan tó ni póíǹtì ṣe ń wọlé, títí dé ààlà tí wọ́n fi sí i lójúmọ́. Póíǹtì bá pọ̀ tó, o lè fi gba káàdì ẹ̀bùn ilé ìtajà.

Ẹ wo ohun tí ó sọ mí dà. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, mo ti bi Bing bí ojú ọjọ́ ṣe rí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti bi í pé ta ni Ṣọ̀ún. Mo ti bi í bí wọ́n ṣe ń ro ọkà, èmi tí mo ti ń ro ọkà láti kékeré! Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó ń ka ìbéèrè mi, á ti máa ṣàánú mi: obìnrin yìí kò mọ ọbẹ̀ sè, kò sì mọ ọba ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, káàdì ẹ̀bùn tí mo rí gbà ra kọfí fún èmi àti ọ̀rẹ́ mi.

Ibi tó dùn jù nínú rẹ̀ ni pé bí mo bá fẹ́ wá nǹkan lóòótọ́, Google ni mo ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀rín pa mí níbi mo jókòó sí. Àbúrò, ìwọ nìkan kọ́. Lọ́dún 2021, agbẹjọ́rò Google fúnra rẹ̀ sọ níwájú ilé ẹjọ́ ní Yúróòpù pé "Google" gan-an ni ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń wá jù lórí Bing. Wọ́n wọ ilé Microsoft, ọ̀nà ilé Google ni wọ́n ń bèèrè.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé Google kì í san cashback. Ó ń san án, àwa kọ́ ló ń san án fún ni. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà pè é lẹ́jọ́, ó hàn nínú ìwé ẹjọ́ pé lọ́dún 2022 nìkan, ó san bílíọ̀nù 20 dọ́là fún Apple, kó lè jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣí Safari lórí iPhone tó sì kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Google ni ọ̀rọ̀ náà máa gbà lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Adájọ́ Amit Mehta dá a lẹ́bi pé ó fi ọ̀nà tí kò bófin mu di ọjà ìwákiri mú. Lọ́dún 2025, ó ní kò gbọdọ̀ ṣe àdéhùn tó ti àwọn yòókù síta pátápátá mọ́, ṣùgbọ́n kò ní kó má sanwó fún ipò iwájú.

Ẹ wá rò ó wò. Ẹni tó ń lo iPhone kò rí kọ́bọ̀ nínú bílíọ̀nù 20 yẹn. Ìka rẹ̀ ni wọ́n rà, ọwọ́ ẹlòmíì ni wọ́n sì ti rà á. Ti Bing dáa ju ìyẹn lọ níwọ̀n ìgbà tí Àbúrò ti rí kọfí mu.

Ibi tí owó náà ti ń wá ni ìpolówó. Bí Àǹtí aránṣọ bá kọ "ẹ̀rọ ìránṣọ oníná" sí Google, kí ojúewé tó ṣí, wọ́n ti lu gbàǹjo lé e lórí. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ti du ipò òkè láàárín ara wọn, ẹ̀rọ Google ti wo iye tí kálukú fẹ́ san àti bóyá ìpolówó rẹ̀ bá ohun tí ẹ ń wá mu. Ẹni tó borí kò ní san nǹkan kan bí ẹ kò bá tẹ ìpolówó rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, owó ti kúrò lápò rẹ̀, yálà ẹ ra ẹ̀rọ tàbí ẹ ò rà á. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ohun tí ẹ máa fẹ́ rà lọ́la ní nǹkan tó lè tà. Póíǹtì náírà díẹ̀ kò wọ́n lójú rẹ̀.

Bákan náà ni WhatsApp. Ó ní ìgbà kan tó ń gba dọ́là 1 lọ́dún lọ́wọ́ àwọn kan, ó pa á rẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2016. Lọ́dún 2014, Facebook ti kéde pé òun máa ra WhatsApp ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 19 dọ́là. Dọ́là 1 ọ̀hún kọ́ ni wọ́n ń wò. Bí ẹ bá rò pé kò kan Nàìjíríà, ní oṣù Keje ọdún 2024, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní kí Meta tó ni Facebook àti WhatsApp san mílíọ̀nù 220 dọ́là nítorí bó ṣe ń lo ìwífún àwọn ọmọ Nàìjíríà láìgba àṣẹ tó yẹ lọ́wọ́ wọn, àti pé kò ṣe sí wa bó ṣe ń ṣe sí àwọn ará ibòmíì. Meta pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ fara mọ́ ìdájọ́ FCCPC ní oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Bí a bá fún wèrè lọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ló ń ro ó sí. Ilé-iṣẹ́ kò yàtọ̀.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ bílíọ̀nù dọ́là kò kàn mí. Ọṣẹ ìfọṣọ ló kàn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rírà.

Ìdẹkùn tó lágbára jù níbẹ̀ ni "a máa gbé e wá fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ọjà rẹ bá tó báyìí." Ọjà tí ẹ mú kù díẹ̀ kó tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí wá nǹkan kékeré kan tí ẹ máa fi dí i. Nǹkan kékeré ọ̀hún á sì wọ́n ju owó tí wọn ì bá gbà fi gbé ọjà wá lọ. Ilé mi kún fún abẹ́là olóòórùn dídùn, mi ò mọ ẹni tó ń lò ó. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé bí kò bá tó, mo máa ń fi ọjà náà sílẹ̀ nínú agbọ̀n títí èmi àti àǹtí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì á fi ní ohun tí a jọ fẹ́ rà. A máa pa á pọ̀, a máa pín owó ìgbéwá tàbí ká bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ bá tilẹ̀ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fúnra wọn kọ̀wé pé àwọn ti dín in kù. Ẹ má yára.

Èkejì ni iye tí wọ́n fa ìlà pupa sí. Ta ló rí i kí wọ́n tó fa ìlà sí i? Black Friday wọn máa ń bọ́ sí òpin oṣù Kọkànlá, ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, tí àwa ò tiẹ̀ ń ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni kí ẹ ti ya àwòrán iye ọjà tó wù yín sórí fóònù. Ìgbà tí ẹ̀dínwó bá dé, ẹ gbé àwòrán jáde, ẹ fi wé e. Ẹ ó rí èyí tó dín kù lóòótọ́, ẹ ó sì rí èyí tí wọ́n gbé gòkè lọ́sẹ̀ tó kọjá kí wọ́n lè rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Kó dà, kí ẹ tó tẹ "rà á," ẹ bi ẹni kan ní Takie tàbí Sábó ní iye tí òun ń tà á, ẹ sì fi owó ìgbéwá kún ti orí ayélujára. Ẹ̀rọ ìlọta, fóònù, aago: nígbà míì ti ayélujára ló dín. Ìrẹsì, òróró, ọṣẹ: n ò tíì rí ibi tó ti dín ju ti ọjà wa lọ.

Aago tó ń ka sẹ́yìn lójú fóònù, ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà jẹ. Ẹ jáde, ẹ tún wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_LAUTECH

Ní Freetown pàápàá, wọn kì í ta nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ 😂

Aránṣọ_Takie

Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì, kó má dà bíi pé ibi lásán ni wọ́n ń ṣe. Èmi ò san kọ́bọ̀ fún Facebook àti WhatsApp, ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń rí iṣẹ́ mi. Mo ní oníbàárà ní Ìlọrin àti ní Ọ̀yọ́ tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù mi rí. Wọ́n rí àwòrán, wọ́n fi ìwọ̀n ránṣẹ́, mo rán an, mo fi ránṣẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Kó tó di pé fóònù dé, ta ló máa mọ̀ mí kọjá àdúgbò? Bí wọ́n bá ń wo ohun tí mo ń rà nítorí ìyẹn, inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ pátápátá.

Ohun tí mo wá fẹ́ ni bí màá ṣe pa ẹnu áàpù wọ̀nyí dé. Kiní kan ń dún gbì-gbì nínú àpò mi látàárọ̀: "ẹ̀bùn rẹ ń dúró dè ọ́," "má jẹ́ kó kọjá lórí rẹ." Ìyá ọkọ mi kì í pè mí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Kọ̀ǹpútà

Ó rọrùn, Àǹtí. Bí ìkéde náà bá ti yọ lókè fóònù Android, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má tètè gbé e. Ó máa fi ibi tí ẹ ti lè pa ìkéde áàpù yẹn hàn yín. Ní àwọn áàpù owó, ẹ ṣọ́ra: ẹ pa ti ìpolówó nìkan bí wọ́n bá pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìkéde pé owó wọlé tàbí owó jáde ṣì máa dé. Ìyẹn ni ẹ nílò.

Ẹ tún wọ Settings, ẹ wá Apps, ẹ mú áàpù náà, ẹ wo Permissions. Áàpù tí ẹ fi ń yí àgbá, kí ló fẹ́ fi orúkọ àwọn èèyàn inú fóònù yín ṣe? Ẹ gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣẹ láti mọ ibi tí ẹ wà náà, ẹ gbà á padà, àfi bó bá jẹ́ áàpù ọkọ̀ tàbí ti àwòrán ilẹ̀. Nínú àkáǹtì Google, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní My Ad Center, ẹ lè pa ìpolówó tí wọ́n ń tò mọ́ yín lára níbẹ̀. Ìpolówó kò ní dín kù o, kò kàn ní mọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Oní_POS_Sábó

Kí ẹ tó tú ká, ọ̀rọ̀ kan nípa ayédèrú. Ó ń wá sọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́. "Ilé-iṣẹ́ báyìí ń ṣe ayẹyẹ ọjọ́ ìbí, wọ́n ń pín dátà, tẹ ibí, kí o sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp mẹ́wàá." Ilé-iṣẹ́ gidi kì í ní kí ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn ẹbí lẹ́nu kó tó fún yín ní nǹkan. Ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lókè bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń yí padà nínú orúkọ. Cashback gidi ń wọlé fúnra rẹ̀ sínú áàpù tí ẹ ti ń lò. Ẹni tó bá pè yín pé kí ẹ ka OTP, nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, fún òun kí òun lè "tú ẹ̀bùn sílẹ̀," olè ni. Kódà bó bá mọ orúkọ yín àti ti bàbá yín.

Àǹtí ní ká má dá ọ̀rọ̀ àwọn onílọ̀ọ́po-méjì sílẹ̀. Mo gbà. MMM ti oṣù Kejìlá ọdún 2016 àti CBEX ti oṣù Kẹrin ọdún 2025 ní Ìbàdàn, gbogbo wa la jọ mọ̀ bó ṣe parí.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Ẹ̀gbọ́n_Kọ̀ǹpútà, àwọn póíǹtì yìí, ṣé wọ́n máa ń kú? Mo ní àwọn kan tí mo ń tọ́jú.

Ẹ̀gbọ́n_Kọ̀ǹpútà

Wọ́n máa ń kú, Bàbá. Ó pọ̀ nínú wọn tí ọjọ́ ikú wọn wà nínú ìwé àdéhùn gígùn tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ilé-iṣẹ́ sì lè dín iye rẹ̀ kù nígbàkígbà tó bá wù ú. Ẹ má tọ́jú u pamọ́, kì í ṣe ilẹ̀. Bó bá ti tó ra káàdì ìpè, ẹ fi rà á, kí ẹ fi pe ọmọ.

Ìyá_Ìbejì

Aránṣọ_Takie, ẹ ṣì wà níbẹ̀? Mo ti mú aṣọ ilé-ìwé àwọn ìbejì sínú agbọ̀n, iye rẹ̀ ti wálẹ̀ dáadáa, aago wọn sì ń ka. Ẹ ní kí n rà á?

Aránṣọ_Takie

Yáàdì mélòó ni wọ́n kọ síbẹ̀?

Ìyá_Ìbejì

Méjì. Fún àwọn méjèèjì.

Aránṣọ_Takie

Àwọn ìbejì tí mo rí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú yẹn? Kò lè tó. Ẹ má tẹ nǹkan kan, ẹ pè mí.